Ìdí Tí Alákàn Fi Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Rìn

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́, Alákàn kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Gbọnrangandan ló ń rìn, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Ojú rẹ̀ náà rọra wà níbi tí ojú gbogbo ẹranko wà, kò yọ síta rárá. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu. Bí Alákàn bá rí ohun tó dára, àfi kó yìn ín, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Inú ẹrẹ̀ ni òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ní ọdún kan, ọ̀dá dá, ẹrẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ sì sán. Àsìkò yẹn gan-an ni Àwẹ̀ró gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹyin tó pọ̀ bí ọkà bàbà.

Àwẹ̀ró ní, “Ọkọ mi, àwọn ọmọ yìí kò ní í pẹ́ pé mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a óò bí wọn sí, kí wọ́n má baà gbẹ mọ́ mi lára.”

Ni wọ́n bá gun orí igi àgbọn kan tí odò ń gbé lọ. Odò gbé wọn fún òkun, òkun sì gbé wọn dé erékùṣù kan tí kò sí ilẹ̀ mìíràn nítòsí rẹ̀.

Òkun ní ìyàwó méjì ní erékùṣù yìí. Iyanrìn ni ìyálé, òun ló tẹ́ ara rẹ̀ yí gbogbo etí omi ká. Iyùn ni ìyàwó kékeré, inú omi tó mọ́ gaara níwájú ìyálé ló ń gbé. Òkun á gòkè lọ kí ìyálé, nígbà tó bá yá á padà sọ́dọ̀ ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ́ àwọn méjèèjì, kò sọ ọ́ rí pé èwo ló rẹwà jù. Òkun gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó gbà á sílé. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ilé náà ti kọ òun náà nìyẹn.

Bí Alákàn ṣe fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Iyanrìn funfun bíi láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Ó lọ títí, ó yí kọ́rọ́, ó sì tún ń lọ. Àwọn igi àgbọn tẹ orí ba fún un. Omi á sáré wá, á fọwọ́ pa á lára, á sì rọra padà. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti bí Alákàn, kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ̀rù ń bà á láti gbé e sílẹ̀ padà.

Iyanrìn ní, “Àlejò, káàbọ̀. Kí lò ń wò tó o fi yanu?”

“Ìyá mi, ẹ̀yin ni mò ń wò. Kò sí ẹni tó rẹwà tó yín láyé.”

“Iyùn, orogún mi, ńkọ́?”

Alákàn kò tíì fojú kan Iyùn rí. Ó ní, “Ẹni yòówù kó jẹ́, kò lè tó yín! Mo búra, n kò ní í kọ ẹ̀yìn sí yín láéláé.”

Inú Iyanrìn dùn. Ó ní, “Gbẹ́ ihò síbi tó bá wù ọ́. Ọmọ rẹ, ọmọ mi ni.”

Àwẹ̀ró fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Bí wọ́n bá dàgbà, orí iyanrìn ni wọn óò gbé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú omi iyọ̀ ni ẹyin yìí ti ń là. Ẹ lọ bá wa wo ìsàlẹ̀.”

Alákàn kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí Iyanrìn, ló bá fi ẹ̀yìn rìn wọ omi lọ. Ó kọsẹ̀, ó yí gbiri, ó sì já sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tó la ojú, ó rò pé òun ti kú ni, pé ọ̀run lòun wà. Oòrùn ń tàn gba inú omi wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń jó lórí ohun gbogbo. Iyùn yọ ẹ̀ka bí igi, ó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ó pupa níhìn-ín, ó rí bí osùn lọ́hùn-ún. Àwọn ẹja tí Alákàn kò mọ orúkọ wọn tú jáde, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún. Gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ẹnì kan pè wọ́n. Kò sí ariwo rárá. Omijé bọ́ lójú Alákàn, ṣùgbọ́n inú omi ni, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Iyùn ní, “Káàbọ̀ o. Ṣé o ti rí ìyálé mi lókè?”

“Mo ti rí wọn.”

“Èwo nínú wa ló dára jù?”

Ẹnu Alákàn tún já. “Ẹ̀yin mà ni! Kí tún ni iyanrìn fẹ́ jẹ́ ju iyanrìn lọ? Mo búra, n kò ní í kọ ẹ̀yìn sí yín láéláé.”

Iyùn rẹ́rìn-ín. “Kí ìyàwó rẹ kó ẹyin rẹ̀ wá nígbà tó bá pé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọn óò ti là.”

Alákàn padà sókè tayọ̀tayọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti rí ilé méjì gbà lọ́jọ́ kan.

Ní ọjọ́ kẹta, Òkun fà sẹ́yìn ju bó ṣe máa ń fà lọ. Orí Iyùn yọ síta, òun àti Iyanrìn sì fojú rinjú.

Iyanrìn ní, “Orogún, àlejò mi sọ pé kò sí irú mi láyé.”

“Àlejò tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kí ni iyanrìn fẹ́ jẹ́ ju iyanrìn lọ. Ta ni tìrẹ?”

“Alákàn ni.”

“Alákàn kẹ̀? Òun náà ni tèmi!”

Wọ́n ké pè é. Alákàn wá dúró láàárín àwọn méjèèjì, lórí ilẹ̀ tútù. Ẹyẹ lékeléke ń wò ó látòkè, àwọn ẹja ń yọjú wò ó nínú kòtò omi.

“Wò mí lójú, kó o tún un sọ,” ni Iyanrìn wí.

Alákàn kọjú sí i. Iyùn pariwo pé, “Ó kọ ẹ̀yìn sí mi! Ọmọ rẹ̀ kankan kò ní í là lọ́dọ̀ mi.”

Alákàn yí padà kíá. Iyanrìn náà figbe ta. “Èmi ló kọ ẹ̀yìn sí báyìí!” Bó ti wí bẹ́ẹ̀, ihò tí Alákàn gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Alákàn ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, bí òkòtó. Ibi tó wù kó kọjú sí, ilé kan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró sáré dé, ó fi ọwọ́ gbá ikùn mú. “Wọ́n ti pé! Òní ni!” Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà. “Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì, ẹ ṣàánú mi. Bí kò bá sí omi Iyùn, wọn kò lè là. Bí wọ́n bá sì là tí kò sí ihò lọ́dọ̀ Iyanrìn, ẹja ni yóò jẹ wọ́n tán. Ọkọ mi kò purọ́ fún yín. Ibi tó bá dúró sí ló máa ń gba gbogbo ọkàn rẹ̀, á wá gbàgbé pé ibòmíràn wà.”

Lẹ́yìn náà Iyanrìn ní, “Ó búra fún wa. Kó mú ìbúra méjèèjì ṣẹ pọ̀, lójú wa báyìí.”

Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni Alákàn ní, ẹni méjì ni kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó rọra yí ara padà títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fi wà lọ́dọ̀ Iyanrìn, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì wà lọ́dọ̀ Iyùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò kọ sí ẹnikẹ́ni. Ó wá ń wá bí òun yóò ṣe rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó na ojú, ó na ojú, títí ojú rẹ̀ fi yọ síta, tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀.

Ó di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sínú omi. Lékeléke rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Iyùn, Àwẹ̀ró gbọn ikùn rẹ̀. Àwọn ẹyin là. Àwọn ọmọ tí kò lóǹkà tú jáde, wọ́n kéré bí eruku, wọ́n ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì léfòó lọ láàárín ẹ̀ka Iyùn. Lékeléke dá ẹ̀rín dúró. Òkun pàápàá rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tó ṣe, omi gbé wọn wá sí etí iyanrìn, alákàn kéékèèké lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Iyanrìn sì la ihò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Iyanrìn pè é jẹ́jẹ́. “Alákàn, a ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Èwo nínú wa?”

Alákàn la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kún un. Ojú rẹ̀ kan ń wo iyanrìn tó lọ títí, ìkejì ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń jó nísàlẹ̀ omi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sọ̀kalẹ̀. Kò jẹ́ tú u jáde. Ó wá ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ.

Láti ọjọ́ náà ni alákàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ojú rẹ̀ sì yọ síta. Bẹ́ ẹ bá bá a pàdé létí òkun, ẹ bi í pé èwo ló dára jù, orí iyanrìn ni tàbí ìsàlẹ̀ omi. Ẹnu rẹ̀ á máa hó yàà, ṣùgbọ́n kò ní í fèsì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.