Kọ̀ǹpútà Fadérera Nínú Yàrá Títì
Olóyè Akínṣọlá ti kọ̀ǹpútà tí Fadérera, ayálégbé rẹ̀, fi ń gba ohùn ìpolówó rédíò sílẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní tòun ni. Ó sọ níwájú gbogbo ará ilé pé, "Bó bá jẹ́ tìẹ, dúró síta níbí kí o pè é, kó dá ọ lóhùn." Fadérera ní, "Ó dáa, bàbá," ó sì yọ fóònù. Ó mọ̀ pé Olóyè ò ní pa ẹ̀rọ náà, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Òun sì máa ń ti orí fóònù wọ inú rẹ̀ láti ibikíbi. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ó tẹ àṣẹ kan tẹ̀lé e, ó pa ẹnu dé. Ni ohùn rẹ̀ bá ń dún láti inú yàrá: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, èmi Fadérera ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ ìfọṣọ, kò sì dúró. Olóyè jágbe pé, "Sọ fún un kó dákẹ́." Fadérera wò ó lójú, ó ní, "Ṣebí tiyín ni, bàbá. Ẹ sọ fún un." Ìgbà tó polówó ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀kẹta ni Olóyè fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò.