Obì Tí Awẹ̀ró Kò Lè Pa

Kò sí ààrò kan ní ìlú Òkè-Amọ̀ tí ìkòkò tí Awẹ̀ró mọ kì í wà lórí rẹ̀. Opó ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, Ọ̀jẹ̀lábí, ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ràn eré ẹṣin, fi ẹṣin rẹ̀ sáré já sáàárín èrò. Ẹṣin gbá Awẹ̀ró ṣubú, ó sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ìlú wọn, ẹni tó bá ṣe ọmọnìkejì léṣe ni yóò wo ọgbẹ́ náà sàn. Bó bá ti jinná, ẹni tó fara pa yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pa obì níwájú Baálẹ̀. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ béèrè nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, Ọ̀jẹ̀lábí gbé obì wá síwájú Baálẹ̀, lójú gbogbo èrò.

"Baba, ẹ wò ó! Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọyún. Ìyá oníkòkò, tètè pa obì o, ẹṣin mi wà nínú oòrùn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Baba, ọwọ́ yìí kò tíì…"

"Kò tíì kí ni? Àbí o fẹ́ máa fi jẹun lára mi títí ayé?"

Baálẹ̀ gbójú sókè. "Awẹ̀ró, ó jinná àbí kò jinná?"

"Ó jinná, Baba."

"Pa obì."

Awẹ̀ró wo obì náà. Bó bá pa á, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ? Bó bá kọ̀, ó rú òfin ìlú. Ó gba obì, ó ki èékánná bọ ojú ìlà obì náà. Àtàǹpàkò kò tẹ̀. Ó gé ètè jẹ, ó tún gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu èrò. Obì bọ́, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ Ọ̀jẹ̀lábí.

Ọ̀jẹ̀lábí ṣà á nílẹ̀. "Èyí náà ló le? Jẹ́ kí n bá ọ pa á."

"Má pa á!" Baálẹ̀ ti dìde. "Bí o bá bá a pa obì, ta ni yóò bá a mọ ìkòkò?"

Ó nawọ́ sí ọwọ́ Awẹ̀ró.

"Ọgbẹ́ lo wò, Ọ̀jẹ̀lábí. Ohun tí ọwọ́ yìí ń ṣe kó tó pàdé ẹṣin rẹ, o ò tíì san án. Láti òní lọ, oko rẹ ni yóò máa bọ́ Awẹ̀ró àtàwọn ọmọ rẹ̀."

"Baba, ṣebí ó ti jinná!"

Awẹ̀ró na ọwọ́ náà sí i, àpá rẹ̀ ń dán, awọ rẹ̀ sún kì. "Ó jinná. Ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí?"

Ọ̀jẹ̀lábí wo ọwọ́ náà, ó sì gbé obì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ojú àpá kì í jọ ojú ara.