Ọdẹ́gbàmí Nínú Igbó Ẹlẹ́gbẹ̀rún-ojú

“Ta ni ó yìnbọn pa ọkọ mi?”

Àyọ̀ká ni ó béèrè bẹ́ẹ̀, níwájú àgọ́ àwọn ọdẹ ìlú Òkè-Àyìn, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Ọdẹ́tókun ọkọ rẹ̀ ti igbó dé. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń wo òrùlé, àwọn kan sì ń wo ara wọn bí ẹni pé ẹnìkejì ló mú èsì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ pagbo yí mi ká, ẹ má tètè dá wọn lẹ́bi. Ní Òkè-Àyìn, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀ tí àwọn ẹran ń bímọ, ọdẹ kan kò gbọdọ̀ yìnbọn mọ́. Gbogbo wọn á kó ìbọn ṣakabùlà wọn wá sí àgọ́, wọ́n á fi wọ́n kọ́ ara ògiri, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ kàn wọ́n títí di ọdún Ògún. Inú àkókò ìsinmi yìí gan-an ni ìbọn dún. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ilẹ̀ ti le koránkorán. Ọdẹ́tókun lọ wo ilé oyin rẹ̀ nínú igbó, ọta sì gba àyà rẹ̀ wọlé. Àwọn ọdẹ sáré wo ara ògiri, wọ́n rí i pé ìbọn pé. Bí ìbọn ènìyàn bá pé, a jẹ́ pé ìbọn iwin ló dún. Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn.

Ọdẹ́gbàmí, ọmọ kan ṣoṣo tí òkú náà fi sáyé, ni ọ̀rọ̀ yìí gún lọ́kàn jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni. Láti kékeré ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀ níwájú eèrà bí ẹni ń kí ọba, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń rù, bí wọ́n ṣe ń sọ̀, bí wọ́n ṣe ń forí kanrí bí wọ́n bá pàdé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Baba Kòkòrò. Baba rẹ̀ nìkan ni kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló máa ń ru igi jíjẹrà wálé fún un pé, “Gbà, ilé ni mo rù bọ̀. Lọ kí àwọn onílé.” Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin baba yìí, gbogbo adùn ayé korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀san ló ń jẹ, ẹ̀san ló ń mu, ẹ̀san ló ń fi sùn.

Ògúnṣakin pè é sí kọ̀rọ̀. Olúọdẹ ni Ògúnṣakin. Ọdẹ́tókun ni ìbá jẹ oyè náà, ikú rẹ̀ ló jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀lé e.

“Ọmọ mi, Ẹlẹ́gbẹ̀rún-ojú ló pa baba rẹ, iwin tó ni ìsàlẹ̀ igbó. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, mú ìbọn baba rẹ lára ògiri. Mo yọ̀ǹda. Ẹ̀tù rè é, ọta rè é. Àmọ́ n ò tíì rí ẹni tó lọ síbẹ̀ tó bọ̀ o.”

“Ẹ ṣé, Baba. Bí n ò bá bọ̀, ẹ bá mi tọ́jú ìyá mi. Bí mo bá bọ̀, orí iwin náà ni n óò máa fi nu ẹsẹ̀ kí n tó wọlé.”

Ó mú ìbọn, ó wọ igbó lọ. Igbó náà dúdú lọ́sàn-án gangan bí ìdí ìkòkò. Igi ń fọwọ́ kọ́ igi lọ́rùn, ìtàkùn ń lọ́ mọ́ ìtàkùn bí ìfun, atẹ́gùn ibẹ̀ sì gbóná bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe. Níbi tí ọ̀nà ti pín, ọkùnrin kan dìde láti inú ilẹ̀, ó ga bí àràbà. Ara rẹ̀ ń rìn lórí ara rẹ̀: ìjàlọ ni orí, ìjàlọ ni apá, ìjàlọ ni ẹsẹ̀, kò sí ẹran ara kankan níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ dún bí ewé gbígbẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ọmọ ènìyàn tí ìbínú ń rùn lára rẹ bí ẹran tó bàjẹ́, níbo lò ń lọ?”

“Mò ń lọ pa Ẹlẹ́gbẹ̀rún-ojú.”

Ìjàlọ náà rẹ́rìn-ín títí díẹ̀ lára wọn fi já bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀. “Ẹnu rẹ tóbi. Jẹ́ ká wo bóyá orí rẹ tó o. Gbogbo wa tí o ń wò yìí, fi ọwọ́ kan olórí wa, kí o kọjá. Bí o bá ṣì í, egungun rẹ la ó fi sílẹ̀ fún oòrùn.”

Ẹlòmíràn ìbá yìnbọn. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. Ó tẹjú mọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣàn bí odò dúdú láti ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gòkè lọ sí orí rẹ̀, tí wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka fa ilẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà wọn, ó bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i. Lójú ẹsẹ̀, àwọn tó dé ibẹ̀ dúró, wọ́n ń rápálá, wọ́n ń yí bìrí. Àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń gun orí wọn.

“Ẹ kò ní olórí,” ó ní. “Afọ́jú ni yín. Òórùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni olúkúlùkù ń tẹ̀lé. Mo pa òórùn náà rẹ́, ọ̀nà sì parí.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ̀yin náà ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí yín.”

“Sísá ni àwọn tó kù máa ń sá fún wa,” ni ìjàlọ náà wí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. “Kọjá. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ríran yìí, òórùn ta ni ìwọ ń tẹ̀lé?”

Ọdẹ́gbàmí kọjá. Ó rìn títí ó fi dé etí odò kan. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́gbẹ̀rún-ojú jókòó sí. Ìyẹ́ lámilámi ló wà ní èjìká rẹ̀, ojú sì bo iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn rẹ̀, gbogbo wọn ń dán bí ìrì. Ọdẹ́gbàmí na ìbọn sí i.

“Ìwọ lo pa baba mi!”

“Kí ni mo fi pa á?”

“Ìbọn.”

“Ọ̀rẹ́, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń ki nǹkan yẹn. Wíwò ni iṣẹ́ mi. N ò ní sá fún ọ. Gbé e ti igi, wá wo nǹkan kan ná. Bí o bá wò ó tán tí inú ṣì ń bí ọ, kí o yìn ín.”

Ó gbé ìbọn ti igi, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, “N óò pa ọ́ nígbà tó bá yá.” Iwin náà fi yimíyimí hàn án, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí ẹrù tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ, tó ń fi ẹ̀yìn rìn tí kò sì ṣìnà. Ó fi ikán hàn án, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ihò atẹ́gùn sínú òkìtì kí ilé má bàa móoru. Ó fi kòkòrò ewé hàn án, èyí tó so ara rẹ̀ rọ̀, tó sùn bí òkú, tó sì jí ní labalábá. Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, Ọdẹ́gbàmí ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ní òwúrọ̀ kan, ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ojú sì tì í sí baba rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀. Ó fò dìde, ó gba ìbọn mú, ó sì kọjú rẹ̀ sí iwin náà.

“Wo ẹnu rẹ̀ ná,” ni iwin náà wí. “Bí o bá yìn ín báyìí, ojú ara rẹ ni yóò fọ́.”

Ó wo ẹnu ìbọn. Amọ̀ ti dí i pa, ó dán bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Agbọ́n kan, tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbàdí bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì, sì ń fò yí i ká.

“Ìyá ọlọ́mọ nìyẹn,” ni Ẹlẹ́gbẹ̀rún-ojú wí. “Ihò tó bá tó ìka, tí ẹnikẹ́ni kò bá yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, ilé ni lójú rẹ̀. Yóò ta kòkòrò lóró kó má lè rìn mọ́, yóò kó o sínú ihò, yóò yé ẹyin sí i, yóò sì fi amọ̀ ti ìlẹ̀kùn. Létí odò yìí, amọ̀ kì í tán, nítorí náà kì í dẹ́kun iṣẹ́. Àmọ́ lókè, ní ìlú yín, òjò àkọ́rọ̀ nìkan ló ń po amọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ti le, iṣẹ́ parí nìyẹn.”

Ọdẹ́gbàmí sọ ìbọn kalẹ̀. Kí ó tó kúrò nílé, òun náà ti fi ọ̀pá irin gún irú amọ̀ yìí dànù lẹ́nu ìbọn náà, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbínú rẹ̀ kò kú. Ó kàn yí ojú padà ni. Ó kí iwin náà, ó sì sáré gba ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ ọdún Ògún ló wọ ìlú. Àwọn ọdẹ ti pé sí àgọ́, ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìbọn kalẹ̀. Ògúnṣakin ranjú bí ẹni rí òkú.

“Ọmọ mi! O... o bọ̀?”

“Baba Kòkòrò!” ni ọdẹ kan kígbe. “Orí iwin dà? Àbí tata lo pa bọ̀?” Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n fi ìmọ̀ràn kan sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó fi ọ̀nà hàn án. Bí ẹ bá sì rí kòkòrò lẹ́bàá ilé yín, ẹ má kàn fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀ àti ìgbà tó dé. Kì í parọ́, kì í jẹ oyè, kò sì bẹ̀rù Olúọdẹ kankan.

Ọdẹ́gbàmí gbé ìbọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ síbi ògiri, ó ń kọjá lọ lẹ́nu ìbọn kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ wà lẹ́nu ti àkọ́kọ́. Amọ̀ wà lẹ́nu èyí tó tẹ̀lé e. Ọdọọdún ni àwọn ọdẹ wọ̀nyí ń gún un dànù, tí wọ́n ń ráhùn, tí wọn kò sì bi í ní nǹkan kan rí. Amọ̀, amọ̀, amọ̀, gbogbo rẹ̀ gbẹ, gbogbo rẹ̀ le, títí ó fi dé ìdí ìbọn kan tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó na ìka sí ẹnu rẹ̀. Ìka náà wọlé tààrà, kò kan nǹkan kan: ẹni tó gún amọ̀ ibẹ̀ dànù ṣe é lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti le, tí agbọ́n kò rí amọ̀ fi dí i mọ́. Nígbà tó fà á yọ, èérí ẹ̀tù ti sọ ọ́ di dúdú. Ó gbé ìka náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

Ìbọn Ògúnṣakin ni. Ẹ̀rín tán ní àgọ́. Àwọn ọdẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dí ẹnu ọ̀nà.