Ìgbọ̀nwọ́ Awẹ̀ró

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní ìlú Ìsàré tí ń jẹ́ Ògúngbadé. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, obìnrin ni, Awẹ̀ró sì ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú kí ó tó já a lẹ́nu ọmú, bàbá ló fi ọwọ́ tí ó fi ń lu irin tọ́ ọ dàgbà. Awẹ̀ró mọ aṣọ hun. Kíjìpá tí ó bá hun a máa ki bí awọ, àwọn obìnrin tó tó bí i lọ́mọ pàápàá a máa wá jókòó ti òfì rẹ̀ láti wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀.

Adéoṣùn, ọmọ àgbẹ̀ kan ní abúlé Ìdí-Òro, ló ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ní ilẹ̀ wọn nígbà náà, ìyàwó ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ tí yóò ró lọ sílé ọkọ. Awẹ̀ró ti hun tirẹ̀ dé ìdajì, ìgbéyàwó sì ku oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta létí odò. Apá ọ̀tún ló fi gbalẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e délé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti wú, eegun ibẹ̀ sì ti kúrò ní àyè rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹfúnṣeyì, àgbà obìnrin tí ń to eegun. Ó to ó, ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tú u. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, òun fúnra rẹ̀ padà wá tú u. Eegun ti jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò nà, kò sì ká. Ó dúró ní agbedeméjì bí apá ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Awẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹfúnṣeyì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ní iṣan tó bá sùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kì í jí lọ́jọ́ kan. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí ra apá náà láràárọ̀, bí yóò ṣe gbé e lé orí ẹní tí yóò máa fà á lọ fà á bọ̀, àti bí yóò ṣe máa gbé igbá òfìfo kí ó tó gbé igbá tí omi wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá.

“Ògúngbadé, ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan apá yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa nà án. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibẹ̀ ni ààlà tòní. Bó bá di ọ̀la, ààlà náà yóò sún díẹ̀.”

Ògúngbadé bi í pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà. Ìyá náà ní òun kò lè ka ọjọ́ fún un.

Awẹ̀ró ṣe bí wọ́n ti wí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ọwọ́ rẹ̀ kan àgbọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè sẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà rí omi lójú òun. Kíká ló ń tètè ká. Nínà ni kò fẹ́ nà. Ojoojúmọ́ ni Ògúngbadé ń fi ojú wọn apá náà bí ó ti ń fi ojú wọn àdá, lójú rẹ̀, kò sún rárá.

Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan wà rí, Òyíwọlá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ láti kékeré. Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀. Inú ilé bàbá wọn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló darúgbó sí, ibẹ̀ náà ló kú sí láìní ọmọ tí yóò sin ín. Ọ̀rọ̀ Òyíwọlá kò kúrò lọ́kàn Ògúngbadé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹnì kan tó wá ra ọkọ́ sọ pé wọ́n ń béèrè ní Ìdí-Òro bóyá apá ìyàwó ti sàn, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kọ ọmọ òun.

Ẹfúnṣeyì ti rìnrìn àjò lọ to ẹsẹ̀ ẹnì kan ní ìlú òkèèrè. Ògúngbadé pe Awẹ̀ró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí irin tí kò tẹ̀ fún un. Ọmọ náà rí ojú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí Ìyá Ẹfúnṣeyì dé.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dùn ọ́, ọmọ mi.”

Ó fi orúnkún tẹ òkè apá náà mọ́lẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mú, ó fà á. Nǹkan kan já nínú ìgbọ̀nwọ́ náà. Awẹ̀ró kò ké. Ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ ló pè lẹ́ẹ̀kan. Apá náà nà gbọọrọ, inú bàbá dùn, ó sáré lọ bu omi fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbọ̀nwọ́ ti wú, ó gbóná bí ààrò, ó sì ti ká padà. Ògúngbadé rò pé òun kò fà á tó ni. Ó tún fà á lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ó so irin mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe é fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, apá náà kò yíra mọ́, kò ká, kò sì nà.

Lọ́jọ́ keje ni alárinà dé láti Ìdí-Òro. Ìyá Adéoṣùn ló rán an. Ó ní wọ́n gbọ́ pé ọkàn àna àwọn kò balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kánjú, ìgbéyàwó lè di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Adéoṣùn ní òun náà ní òfì nílé. Bí ọwọ́ Awẹ̀ró kò bá tiẹ̀ lè hun aṣọ mọ́ láéláé, òun yóò hun èyí tí yóò ró.

“Èèyàn ni a wá fẹ́,” ni alárinà wí. “A kò wá fẹ́ apá.”

Ògúngbadé gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó jókòó ti ògiri.

Nígbà tí Ẹfúnṣeyì ti àjò dé lẹ́yìn oṣù kan, ó fi ìka tẹ ìgbọ̀nwọ́ náà yíká. Nígbà tó yá, ó ní ibi tó yẹ kí òun ti bá ẹran ara, eegun ni òun bá níbẹ̀. Bàbá bi í bóyá a lè tún un ṣe.

“Kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ògúngbadé, apá yìí ti ń bọ̀ sípò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ló fi ń bọ̀. Ìwọ lo fi agbára pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì yí padà.”

Nígbà náà ni Ògúngbadé ṣe ohun tí bàbá kì í ṣe fún ọmọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Awẹ̀ró. Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì gbé e dìde.

“Bàbá mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù ló bà yín.”

Awẹ̀ró lọ sílé ọkọ lọ́dún kejì. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀, bí a ti ń fi í ro ọkà, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Kò hun aṣọ mọ́ láyé rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá wá kí bàbá rẹ̀, tó bá fẹ́ gba ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tí apá ọ̀tún kò lè nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, Ògúngbadé a dìde kúrò níbẹ̀.

Ó pẹ́ láyé. Ilé tí wọ́n bá ti sọ pé egbò tàbí àrùn rọ ẹnì kan lápá lẹ́sẹ̀, a máa lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, a sì jókòó ti aláìsàn náà láti àárọ̀. Bí àwọn ẹbí bá ti fẹ́ fi ipá na ẹsẹ̀ tó ká, a gbá ọwọ́ wọn mú, a sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wọn. Òun kú, ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú. Ẹnu alágbẹ̀dẹ yìí ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.