Iṣẹ́ Kan fún Gbogbo Abúlé

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fádáhùnsi kò gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ìyádùnní, ló kọ ìlànà ìṣirò tó ń sọ bí odò abúlé kan yóò ṣe kún tó lẹ́yìn òjò. Ó ní kó fi ṣírò ti gbogbo abúlé ìpínlẹ̀ wọn kí òjò tó ṣú yìí tó rọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kó fi yàrá ìwádìí òun sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye òjò abúlé kan ṣoṣo ni ìlànà náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìyádùnní kò tún un kọ. Ìlà kan péré ló fi kún un, tó pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà mú iye òjò tí wọ́n ń retí ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tó ti tò sínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìlànà kan náà ṣírò wọn. Ìdáhùn tò bẹẹrẹ. Ara fu ọ̀jọ̀gbọ́n, ó bẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò. "O ti kó ìdáhùn pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀!" "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ ara yín yí iye òjò abúlé kan padà." Ó yí i padà, ó fọwọ́ bò ó kí ọmọ náà má baà rí i. Ìdáhùn abúlé yẹn nìkan ló yí padà. "Ta ló ń bá ọ ṣe é?" "Kò sẹ́nì kankan, sà. Iṣẹ́ kan náà ni mo rán kọ̀ǹpútà. Mo kàn ní kó yà dé abúlé kọ̀ọ̀kan ni." Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Jókòó. Fi ìlà yẹn hàn mí."