Ìdí Tí Pèrègún Fi Ń Dúró sí Ààlà

Nígbà láéláé, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọyẹ́ mú gan-an. Eruku bo ojú ọ̀run bí ìgbà tí èèyàn da eérú sí i, ẹsẹ̀ tọmọdé tàgbà sì ti funfun.

Láyé ìgbà yẹn, Pèrègún kì í ṣe ará ìta. Inú ilé ló ń gbé. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, ó ń sọ̀rọ̀, igbá tí onílé fi ń mu omi lòun náà fi ń mu.

Pèrègún ilé Akínlàbí là ń sọ yìí. Iṣẹ́ Akínlàbí ni kó máa mọ ilé amọ̀ fún àwọn ará abúlé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ dá oko sí ọ̀nà jíjìn. Pèrègún nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lápá, Pèrègún á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ta lẹ mọ lónìí?" Akínlàbí á jókòó, á sì ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí fún un.

Ọdún ń bọ̀. Bí ọdún bá ti ń bọ̀ lábúlé náà, gbogbo ilé ni wọ́n ń kùn. Àwọn obìnrin á fi ìgbẹ́ màlúù po amọ̀, wọn á fi pa ilẹ̀. Wọn á fi omi ẹ̀lú kun ògiri títí yóò fi máa dán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ jáde: ẹní, ìkòkò, agbọ̀n, títí kan ewéko.

Àwẹ̀ró, àbúrò Akínlàbí, ló kó àwọn obìnrin wá. Ó rí Pèrègún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ nìkan lo kù," ó ní. "Bọ́ síta, arẹwà. Àbí o fẹ́ kí n kùn ọ́ mọ́ ògiri ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fi ẹ̀lú ba ewé mi jẹ́," ni Pèrègún wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti ń jáde."

Akínlàbí pè é sí ẹ̀yìnkùlé. "Bá mi ṣe nǹkan kan. Àjàgbé, ará ilé kejì, tún ti ń fi ọkọ́ jẹ ilẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Lọ dúró sí ààlà wa. Má ṣe kúrò níbẹ̀ títí n ó fi wá pè ọ́."

"Ẹ ò ní pẹ́, Bàbá?"

"Kí ògiri ṣáà gbẹ. Bó bá ti gbẹ báyìí, mo dé."

Pèrègún lọ dúró. Nígbà tí Àjàgbé gbé ọkọ́ dé, ó bá a níbẹ̀.

"Kí lò ń wá níbí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ibí ni ilẹ̀ yín parí sí o."

Àjàgbé pòṣé, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó padà.

Ilé Akínlàbí wá dán bí ojú omi. Àwọn èèyàn ń dúró lọ́nà láti wò ó. Ilé onílé ni Akínlàbí ti ń mọ látìgbà èwe rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yin tirẹ̀ rí. Orí rẹ̀ wú. Ó kó ẹní wọlé, ó kó ìkòkò wọlé, ó kó agbọ̀n wọlé. Nígbà tó kan Pèrègún, ó rò ó wò: ewé rẹ̀ gùn, yóò ha ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dọ̀tí, yóò ba ilẹ̀ jẹ́. Kí àwọn àlejò kọ́kọ́ rí ilé náà ná.

Ewúrẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. "Ọmọ inú ilé!" ó ní. "Wọ́n ti lé ọ síta? Káàbọ̀ o. Ìta wa ò burú, òjò nìkan ló ń lu èèyàn."

"Kò sẹ́ni tó lé mi. Ògiri ni ò tíì gbẹ."

"Ògiri wo? Èyí tí mo fara yún láàárọ̀ yìí? Ó ti le bí òkúta."

"Òpùrọ́ ni ẹ́," ni Pèrègún dá a lóhùn.

Bí Akínlàbí ṣe ń kọjá lọ, Pèrègún ké sí i. "Bàbá, ṣé ògiri ti gbẹ?"

Akínlàbí ò wo ojú rẹ̀. "Ó kù díẹ̀," ó ní.

Ọdún dé. Àlejò kún ilé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń yin ògiri. Pèrègún ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tó wà. Kò sẹ́ni tó gbé omi wá fún un.

Nígbà tó yá, àwọn àlejò lọ tán. Akínlàbí ti ibi iṣẹ́ dé, ẹrẹ̀ wà lápá rẹ̀. "Mo dé o," ó ní. Ilé dákẹ́. Ògiri ń dán, kò sì dáhùn.

Ó sáré lọ sí ààlà. "Pèrègún, ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Pèrègún gbìyànjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbéra. "Òùngbẹ ló gbẹ mí, Bàbá. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá omi nínú ilẹ̀. Mo wá a jìnnà."

Akínlàbí kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Gbòǹgbò ló ń bá, gbòǹgbò sì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró.

"Ògiri ti gbẹ tipẹ́," ó ní. "Irọ́ ni mo pa fún ọ."

"Ewúrẹ́ sọ fún mi," ni Pèrègún wí. "Èmi ni mo pè é ní òpùrọ́."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Àtọjọ́ náà ni Pèrègún ti di ará ìta. Níbi tí ilẹ̀ ẹnìkan bá ti pàdé ti ẹlòmíì, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a. Ọyẹ́ á gbẹ ewé igi yòókù, tirẹ̀ á tutù síbẹ̀, nítorí wọ́n ní kó má kúrò. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbòmíràn, yóò ta gbòǹgbò, yóò dúró síbẹ̀. Kì í béèrè ilé mọ́.

Akínlàbí gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó wọlé lọ gbé àpótí ìjókòó, ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ Pèrègún, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé tó mọ lọ́jọ́ náà fún un.