Wíìgì Orí Akínṣẹ̀lúre

Nítorí pé ìwé ìròyìn òfófó wa gbé e jáde pé wíìgì ló wà lórí Láńre Akínṣẹ̀lúre, gbajúmọ̀ òṣèré, bàbá náà já wọ ọ́fíìsì wa bí ìjì. Ó ní ká kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo ohun tá a ti kọ nípa òun látọdún yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká pàdé ní kóòtù. Ọ̀gá wa, akọni tó máa ń jágbe mọ́ wa láràárọ̀, ti sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ku Mọrádékẹ́, àbíkẹ́yìn ọ́fíìsì, tó kọ ìròyìn wíìgì náà. "Ìwọ ọmọ yìí, kọ ọ́ kíá!" "Ẹ má bínú, sà." Mọrádékẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń kà á sókè: "Ẹ forí jì wá. Irọ́ ni gbogbo ohun tá a kọ nípa Ọ̀gbẹ́ni Akínṣẹ̀lúre. Irọ́ ni pé ó kọ́lé sí Lẹ́kì. Irọ́ ni pé òun ló ni jíìpù tó ń gùn. Irọ́ ni pé kò tíì pé ogójì ọdún…" "Dúró ná! Èmi ni mo fi àwọn ìyẹn ránṣẹ́ sí yín!" "A mọ̀, sà. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ ní ká kọ pé irọ́ ni." Gbajúmọ̀ rọra fi ọwọ́ méjèèjì tún orí rẹ̀ ṣe. "Ẹ pa á rẹ́, àǹtí mi," ló wí. "Wíìgì ni."